Ta ló fún wọn láṣẹ okùn? Ìjíròrò lórí ìwé ìtàn àwọn darandaran Amẹ́ríkà

Òǹkàwé_Agodi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka The Virginian tán, ìwé tí Owen Wister gbé jáde ní 1902, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba ńlá àwọn ìwé káóbọ́ì. Mo gbádùn rẹ̀ títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti so Steve kọ́. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: akọni ìwé yìí, tí a kò pè ní nǹkan kan ju "ará Virginia" lọ, ń bá Adájọ́ Henry ṣiṣẹ́ màlúù ní Wyoming. Steve ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló máa ń pè é ní Jeff. Ìgbà tó yá, Steve bá àwọn olè màlúù rìn. Àwọn ọkùnrin kan gbéra láti lọ mú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí gan-an sì ni olórí wọn. Kò sí ilé ẹjọ́, kò sí lọ́yà. Wọ́n ṣọ́ Steve àti ìkejì rẹ̀ mọ́jú, wọ́n fún wọn lóúnjẹ àárọ̀, wọ́n sì so wọ́n kọ́ sórí igi. Steve bá gbogbo àwọn tó máa pa á sọ̀rọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, àmọ́ kò dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn rárá. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó rí ohun tó fi lẹ́ẹ̀dì kọ sára ìwé ìròyìn: ó dágbére fún Jeff, ó ní bí òun bá la ẹnu bá a sọ̀rọ̀, ẹkún ni òun ìbá bú bí ọmọdé.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé Wister fẹ́ ká gbà pé ohun tí wọ́n ṣe yìí dára ni? Ìwé wo ni mo tún lè kà tó gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ó fẹ́ ká gbà, kò sì fi í bò rárá. Padà sí ibi tí Molly Wood, tíṣà tó wá láti Vermont, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Adájọ́ Henry pè é jókòó láti ṣàlàyé fún un. Molly bi í pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín èyí àti bí wọ́n ṣe ń dáná sun àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù. Adájọ́ ní ìyàtọ̀ wà: ti gúúsù fi hàn pé ọ̀làjú ò tíì dé ibẹ̀, ti Wyoming sì fi hàn pé Wyoming ti pinnu láti là lójú. Ó ní ará ìlú ló fi agbára lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, bí ilé ẹjọ́ bá sì kùnà, kí ará ìlú gba agbára wọn padà.

Ẹ wo ẹni tó ń sọ ọ́ ná. Òun ló ni màlúù. Òun ni adájọ́. Fọ́máànù rẹ̀ ló fa okùn. Níbo ni ẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wà nínú ètò yìí? A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ẹjọ́ rò, tí mo bá sì rí i pé olùpẹ̀jọ́ àti adájọ́ ń jẹun nínú àwo kan náà, mi ò ní kí wọ́n tún ìdí mìíràn sọ fún mi mọ́.

Tíṣà_Iléṣà

Ẹ rọra, lọ́yà mi. Ìwé náà tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọlọ́pàá ò sí, tí àwọn tí wọ́n kó jọ láti gbọ́ ẹjọ́ sì jẹ́ ọ̀rẹ́ olè, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Steve ò sì sẹ́. Ó mọ ohun tó ṣe, ó mọ ẹ̀san rẹ̀, ó sì kú bí ọkùnrin.

Wister ò sì fi ẹni tó pa á sílẹ̀ láìjẹ̀yà. Nígbà tí ará Virginia ń gun ẹṣin lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó sunkún, ọkàn rẹ̀ ò lélẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà orí òkè yẹn. Òǹkọ̀wé tó kàn fẹ́ yin ìpànìyàn ò ní kọ orí yẹn. Èmi ka ìwé yìí ní kékeré, mo tún un kà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, orí yẹn náà ló sì ń dà mí láàmú jù.

Arìnrìn_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn gidi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kún un, torí láìsí i, ẹjọ́ yìí ò lè yé wa.

Òtútù ọdún 1886 sí 1887 pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Wyoming. Àwọn olówó tí wọ́n ní agbo ńláńlá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi owó àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò, wọ gbèsè. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1884, òfin kan ti jáde tó fi ọmọ màlúù èyíkéyìí tí wọ́n bá rí láìní àmì lára sábẹ́ àṣẹ ẹgbẹ́ àwọn olówó yìí. Àgbẹ̀ kékeré tó bá wá sàmì sí ọmọ màlúù bẹ́ẹ̀, olè lorúkọ rẹ̀. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ "olè màlúù" nínú ìwé Wister. Àwọn olè gidi wà, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kàn ń bá olówó du koríko náà wà nínú àwọn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 1892, nǹkan bí 50 ọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú irin ní Cheyenne lọ sí Johnson County. Àwọn ayìnbọn tí wọ́n háyà láti Texas wà nínú wọn, ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ pa sì wà lọ́wọ́ wọn. KC Ranch, oko màlúù kan, ni wọ́n kọ́kọ́ yí ká, níbi tí Nate Champion àti Nick Ray wà. Wọ́n yìnbọn lu Ray bó ṣe jáde láàárọ̀, Champion sì wọ́ ọ wọlé lójú ìbọn. Òun nìkan ló dá wọn dúró títí di ọ̀sán, bó sì ṣe ń yìnbọn ló ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Ó kọ ọ́ pé Ray ti kú. Ó kọ ọ́ pé ó ń ṣe òun bíi kí ẹnìkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú òun, kí àwọn lè jọ máa ṣọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé. Níkẹyìn wọ́n ti kẹ̀kẹ́ tí iná ń jó lára rẹ̀ lu ilé náà, Champion sá jáde, wọ́n sì pa á.

Ta ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olórí wọn? Major Frank Wolcott. Oko ọkùnrin yìí gan-an ni Wister dé sí nígbà tó kọ́kọ́ lọ sí Wyoming ní 1885 láti wá ìlera. Tábìlì àwọn olówó màlúù ló ti gbọ́ ìtàn tó kọ.

Ọmọ_Èkìtì

Háà! Ṣé wọ́n fi wọ́n jófin báyìí?

Arìnrìn_Peckham

Rárá o, àbúrò. Àwọn ará ìlú Buffalo, ní Johnson County, kó ara wọn jọ, ṣẹ́rífù wọn, ìyẹn olórí agbófinró àdúgbò náà, ṣáájú, wọ́n sì ká àwọn apànìyàn náà mọ́ TA Ranch. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ borí wọn tán ni Gómìnà Wyoming tẹ wáyà sí Ààrẹ Benjamin Harrison, ni àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ìjọba àpapọ̀ bá wá yọ wọ́n. Wọ́n kó wọn lọ sí Cheyenne. Wọ́n gbé àwọn ọkùnrin méjì tí ìṣẹ̀lẹ̀ KC Ranch ṣojú wọn kúrò ní ìpínlẹ̀ náà. Johnson County ò rówó bọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọ̀nyí, ẹjọ́ sì túká ní 1893. Kò sẹ́ni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lórí rẹ̀.

Ọmọ_Èkìtì

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn Shane ju The Virginian lọ. Jack Schaefer gbé e jáde ní 1949. Wyoming náà ni, 1889 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, ìjà kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ kejì ló kàn dúró sí. Àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba fún ní 160 éékà lábẹ́ òfin ọdún 1862 ló wà níbẹ̀, Fletcher olówó màlúù sì fẹ́ lé wọn kúrò. Ohun tó jẹ́ olè lójú Adájọ́ Henry lè jẹ́ Joe Starrett lójú Schaefer, ọkùnrin tó níyàwó àti ọmọ, tó kàn fẹ́ dáko.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ti kùkùté igi tó wà lẹ́yìn abà. Ó ti pẹ́ tí Joe ti ń bá a jìjàkadì. Shane, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mú àáké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbòǹgbò rẹ̀ láì fọhùn. Joe náà mú tirẹ̀. Wọ́n gé e títí, òógùn bò wọ́n. Marian ní kí wọ́n lo ẹṣin méjèèjì láti fà á, wọ́n ní rárá. Ó lọ wò wọ́n, ó gbàgbé páì èso ápù tó wà nínú ààrò, ó jóná. Nígbà tó rí i, ó tún òmíràn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òun náà ò fẹ́ kí nǹkan ṣẹ́gun òun. Bob ọmọ wọn ló ń sọ gbogbo èyí fún wa. Nínú gbogbo ìwé tí ìbọn pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni mo rántí jù.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé Schaefer ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà nígbà tó kọ ọ́.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Shane dùn, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ṣẹ́rífù nínú ìlú yẹn. Schaefer mú òfin kúrò nílẹ̀ pátápátá kí ìbọn Shane lè tẹ́ wa lọ́rùn. Fletcher háyà Stark Wilson, Shane sì pa àwọn méjèèjì. Ẹni rere ló yára jù, a yọ̀. Bí Wilson bá yára jù ńkọ́? Ṣé Fletcher ló máa wá jàre nìyẹn?

Ìyá_Mofẹ́_Houston

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Òǹkàwé_Agodi, ìwé tí ò ń wá ni The Ox-Bow Incident, tí Walter Van Tilburg Clark gbé jáde ní 1940. Mi ò tíì rí èyí tó dá Wister lóhùn tó o.

Nevada ni, ọdún 1885. Ìròyìn dé ilé ọtí pé wọ́n ti yìnbọn pa Kinkaid, wọ́n sì jí màlúù. Ṣẹ́rífù ò sí nílé. Adájọ́ wà nílé, ó ní kí wọ́n dúró, wọn ò gbọ́. Bàbá kan tó ń tajà, Davies lorúkọ rẹ̀, ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn, ó ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn tó fetí sí i gbà fún un, ṣùgbọ́n bí ẹnìkejì bá ti wò wọ́n báyìí, ojú á tì wọ́n, wọ́n á gun ẹṣin. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti gbóná jù lójú mi. Clark ò kọ ọ́ pé òṣìkà ni wọ́n. Ó kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ojo.

Wọ́n rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n sùn lóru pẹ̀lú màlúù: ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Martin, bàbá arúgbó kan tí orí rẹ̀ ò pé mọ́, àti ará Mẹ́síkò kan. Martin ní òun ra màlúù náà ni, àmọ́ kò gba ìwé owó. Wọ́n fún un láyè kí ó kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀. Davies ka lẹ́tà náà, ó sì mọ̀ pé olè ò lè kọ irú rẹ̀, ó fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ ọ. Martin fúnra rẹ̀ ló kọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó òun ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi pàdé ṣẹ́rífù lójú ọ̀nà, Kinkaid sì wà pẹ̀lú rẹ̀, láàyè. Ọkùnrin yìí ra màlúù rẹ̀ lóòótọ́.

Sparks náà wà níbẹ̀, oníwàásù aláwọ̀ dúdú tó bá wọn lọ nítorí kí ẹnìkan lè gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ pa. Òun ti rí i ní kékeré bí wọ́n ṣe pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí Adájọ́ Henry ní ó wà láàárín Wyoming àti gúúsù, Clark fi Sparks nù ún dànù.

Ọmọ_Èkìtì

Mà, mo ka ohun tí ẹ kọ yìí, mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. A mọ ọ̀rọ̀ yìí níbí. "Olè! Olè!" lásán, táyà ti wọ ẹnìkan lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè kí ló jí. Àwọn tó ń sáré tẹ̀lé wọn náà, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Clark fúnra rẹ̀ sọ pé àsìkò tí ìbẹ̀rù Hitler gba ayé kan lòun kọ ọ́, pé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà ló ń ba òun lẹ́rù. Ẹni tó bá rò pé ìwé ẹṣin àti ìbọn lásán ni, kó tún un kà.

Tíṣà_Iléṣà

Mo gbà pé ìwé ńlá ni. Àmọ́ ẹ máa rántí pé Martin ò mọwọ́ mẹsẹ̀, Steve sì jẹ̀bi. Ìbéèrè Clark rọrùn ju ti Wister lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò yẹ ká pa aláìṣẹ̀. Kí la ó ṣe sí ẹni tó ṣe é ní tòótọ́, níbi tí kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n? Ìyẹn ló le.

Ìyá_Mofẹ́_Houston

Bàbá, ìbéèrè yín ni Larry McMurtry gbé lé ejìká nínú Lonesome Dove, 1985. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gus McCrae àti Woodrow Call jẹ́ Texas Ranger, ìyẹn agbófinró Texas, tẹ́lẹ̀, wọ́n ń da màlúù láti Texas lọ sí Montana. Jake Spoon, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ jẹ́ Ranger, tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan tó ń jẹ́ Suggs. Àwọn yẹn ń pànìyàn káàkiri, wọ́n pa àgbẹ̀ méjì, wọ́n so òkú wọn kọ́, wọ́n dáná sun ún. Jake ò pa àwọn àgbẹ̀ yẹn. Ó kàn ń bá wọn lọ, torí kò ní okun láti kúrò. Nígbà tí ọwọ́ Gus àti Call tẹ̀ wọ́n, Jake ń ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín, kò tètè yé e pé àwọn ọ̀rẹ́ òun máa so òun náà. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, ohun tí Gus sọ fún un ò jìnnà sí i. Nígbà tí okùn ti wà lọ́rùn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi kẹ́sẹ̀ gún ẹṣin rẹ̀ nínú.

Ìtàn Steve ni, lẹ́yìn ọdún 83. Ṣùgbọ́n kò sí Adájọ́ Henry kankan níbẹ̀ tó máa jókòó ṣàlàyé pé ó tọ́. McMurtry fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé tó ń jẹ́ Newt dúró níbẹ̀, ó ń wò.

Ẹ má sì jẹ́ n gbàgbé Deets. Aláwọ̀ dúdú ni, òun ló mọ ọ̀nà, òun ló mọ odò, òun ló sì tọ ipasẹ̀ àwọn Suggs. Ẹni gidi tí wọ́n wò láti dá Deets ni Bose Ikard, tí wọ́n bí sóko ẹrú, tó sì wá ń da màlúù fún Charles Goodnight. Nígbà tí Ikard kú ní 1929, Goodnight gbé òkúta kalẹ̀ sí ibojì rẹ̀ ní Weatherford, ní Texas níbí. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn káóbọ́ì ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ wá wọn nínú ìwé àtijọ́ wọ̀nyí, ẹ sọ iye tí ẹ bá rí fún mi.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sí ilé ẹjọ́ nílẹ̀ yẹn, ẹ ka True Grit ti Charles Portis, 1968. Mattie Ross, ọmọ ọdún 14, wá sí Fort Smith, ní Arkansas, torí Tom Chaney pa bàbá rẹ̀. Ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Isaac Parker ni adájọ́, ẹni gidi ni, ó wà lórí àga náà láti 1875 sí 1896, ó dájọ́ ikú fún 160 ènìyàn, wọ́n sì pa 79 nínú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mattie gbọ́ ohùn Rooster Cogburn, tó jẹ́ deputy marshal, agbófinró ìjọba àpapọ̀, inú kọ́ọ̀tù ni, lọ́yà ń fi ìbéèrè gbó o lẹ́nu nípa iye ènìyàn tó ti pa. Ó ṣòro láti rí irú rẹ̀ nínú ìwé mìíràn, kí wọ́n mú akọni olóòfin kí wọ́n sì ní kó wá ròyìn ọta ìbọn rẹ̀ níwájú jùrì. Mattie gan-an ò fẹ́ kí wọ́n kàn pa Chaney. Ó fẹ́ kí wọ́n so ó kọ́ ní Fort Smith, lórí ẹ̀jẹ̀ bàbá òun, kì í ṣe ní Texas lórí ẹjọ́ mìíràn.

Ìyá_Mofẹ́_Houston

Kọ́ọ̀tù Parker yẹn náà ni Bass Reeves ti ṣiṣẹ́! Wọ́n bí i sóko ẹrú ní Arkansas ní 1838, ó sá lọ sí Indian Territory, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, ó sì di deputy marshal ní 1875. Ó ṣe é títí di 1907. Kò mọ̀wé kà. Wọ́n á ka ìwé àṣẹ ìmúni sí i létí, á há a sórí, á sì lọ mú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Bennie pa aya tó fẹ́, Reeves fúnra rẹ̀ ló gba ìwé àṣẹ náà, ó sì lọ mú ọmọ rẹ̀ wá fún ìdájọ́. Akọni Wister mú ọ̀rẹ́, ó so ó kọ́. Reeves mú ọmọ, ó gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Tíṣà wa, ìdáhùn sí ìbéèrè yín rèé o.

Tíṣà_Iléṣà

Ìyá Mofẹ́, ìyẹn wọ̀ mí lára, mi ò ní parọ́. Síbẹ̀, kọ́ọ̀tù ló ran Reeves níṣẹ́. Ó ní ibi tó lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Òǹkàwé_Agodi

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ gan-an. Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú gbogbo ìwé tí ẹ dárúkọ, àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí gbogbo wọn tó dé dà?

Arìnrìn_Peckham

Ẹ káre, ìbéèrè tó yẹ kó wáyé rèé. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, eruku tó ń bọ̀ lókèèrè lásán ni wọ́n. Ka Fools Crow ti James Welch, 1986. Ọmọ Blackfeet, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àkọ́kọ́ náà, ni Welch, ó sì kọ ọ́ láti inú àgọ́ wọn ní Montana, kí àwọn darandaran Gus àti Call tó dé ibẹ̀. Nínú rẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ló ń bọ̀ lókèèrè.

Ìwé náà lọ sí ọ̀nà ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò Marias ní ọjọ́ 23, oṣù kìíní 1870. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọlu àgọ́ Heavy Runner láàárọ̀, àrùn ìgbóná sì ti wà nínú àgọ́ náà. Àwọn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 200, obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìtàn sọ pé Heavy Runner jáde lọ bá àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú ìwé ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ́rìí pé ọ̀rẹ́ ni, wọ́n sì yìnbọn pa á. Àárọ̀ ni ìyá Mofẹ́ sọ fún wa pé wọ́n pa Martin torí kò ní ìwé. Èyí ní ìwé.

Tíṣà_Iléṣà

Màá wá Fools Crow yìí kà. Ẹ sọ fún mi bí ẹnikẹ́ni bá rí i rà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gba The Virginian lọ́wọ́ mi o. Bí kò bá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ láìtijú, kí ni Clark àti McMurtry ìbá máa dá lóhùn?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ìyẹn la ó jọ fà á, sà. Òǹkàwé_Agodi, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ox-Bow, kò gùn. Tí o bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń dìbò lórí ikú àwọn mẹ́ta náà, padà wá sọ fún wa ẹ̀gbẹ́ tí ìwọ ìbá dúró sí, pẹ̀lú gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn tó ń wò ọ́.